Èdè-Ìperí fún Títún Pátákó Iwájú Awakọ̀ Ṣe nínú Ọkọ̀ Ayára Àtijọ́: Ẹ̀kọ́ láti Ọ̀dọ̀ Àwọn Oníṣẹ́-Ọwọ́ Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

1.0 Ìfáárà

Iṣẹ́ tí ó jẹ wá lógún nínú àpilẹ̀kọ yìí ni títún ojú pátákó tí ó wà níwájú awakọ̀ ṣe nínú ọkọ̀ ayára àtijọ́. Ohun tí a pè ní ọkọ̀ ayára ni ọkọ̀ kékeré, tí ó sábà máa ń gba ènìyàn méjì, tí a ṣe fún eré àti fáàrí ju ẹrù lọ. Àpẹẹrẹ irú rẹ̀ ni MGB àti Triumph Spitfire, tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1962 títí di 1980, àti Triumph TR6, tí wọ́n ṣe láti 1968 títí di 1976. Kódà Peugeot 504, tí àwọn ènìyàn wa mọ̀ bí ẹni mowó gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ èrò, ní ẹ̀yà ayára tirẹ̀, èyí tí wọ́n dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 1983.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ ti fi irú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí sílẹ̀. Nítorí náà, bí oníṣẹ́ bá ba pátákó ọ̀kan nínú wọn jẹ́, kì í ṣe ohun tí a lè sáré rà lọ́jà. Ibi tí ọ̀rọ̀ èdè-ìperí ti wọlé nìyí. Èrò wa ni pé orúkọ tí oníṣẹ́ bá pe àbùkù ni ó ń pinnu irú àtúnṣe tí yóò ṣe; bí ó bá ṣi orúkọ pè, yóò ṣi iṣẹ́ ṣe. A sì fẹ́ fi hàn pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí iṣẹ́ yìí nílò ni ó ti wà lẹ́nu àwọn oníṣọ̀nà awọ, àwọn onígbá fínfín àti àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa, kí ọkọ̀ tó dé ilẹ̀ yìí rárá.

A yan Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ fún ìdí mẹ́ta. Èkíní ni pé iṣẹ́ awọ àti igbá fífín ti Ọ̀yọ́ lókìkí káàkiri. Èkejì ni pé ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó tó nǹkan bí 50 kìlómítà sí Ọ̀yọ́ lójú ọ̀nà Ìlọrin, ni Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá wà láti 1990, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ẹ̀kẹta ni pé ẹ̀ka-èdè Ọ̀yọ́ ni àwọn ìlú méjèèjì ń sọ, ẹ̀ka-èdè yìí sì ni ó jẹ́ òpómúléró Yorùbá àjùmọ̀lò.

Iṣẹ́ èdè-ìperí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti 1970 ni ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà ti Ilé-Ifẹ̀ ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọdé ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ní 1984 ni Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, jáde fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ṣùgbọ́n yàrá ìkàwé ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dojú kọ. Ilé-iṣẹ́ mẹkáníìkì àti ìsọ̀ oníṣọ̀nà ni àpilẹ̀kọ yìí dojú kọ.

2.0 Orúkọ Pátákó Náà Fúnra Rẹ̀

Dáṣíbọọ̀dù ni àwọn mẹkáníìkì ń pe pátákó yìí. A kò lòdì sí ọ̀rọ̀ àyálò, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a wo bí àwọn tí a yá a lọ́wọ́ wọn ṣe rí i. Ní ayé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, pátákó tí wọ́n kàn mọ́ iwájú kẹ̀kẹ́, kí ẹrẹ̀ tí pátákò ẹṣin ń ta má baà dé ara ẹni tí ó jókòó, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún ní orúkọ yìí. Nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dé, ẹṣin kò sí mọ́, ẹrẹ̀ ẹṣin kò sí mọ́, ṣùgbọ́n orúkọ náà dúró. Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé kò sí èdè tí kì í gbé iṣẹ́ tuntun fún ọ̀rọ̀ àtijọ́. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ṣe é tí ó tọ́, Yorùbá náà lè ṣe é.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni a gbé yẹ̀ wò. Àkọ́kọ́ ni 'pátákó iwájú ọkọ̀'. Èyí lè ṣini lọ́nà, nítorí pé ènìyàn lè rò pé ìta ni pátákó náà wà, bí i pátákó nọ́ńbà. Èkejì ni 'pátákó òṣùwọ̀n'. Èyí kò gba gbogbo rẹ̀ tán, nítorí pé àpótí ìkẹ́rùsí àti ihò rédíò náà wà lára rẹ̀. Ẹ̀kẹta, tí a fara mọ́, ni 'pátákó iwájú awakọ̀', tí ó sọ ibi tí ó wà láìfi nǹkan kan sílẹ̀.

A tún dábàá pé kí a má ṣe fi ọ̀tún àti òsì pe àwọn apá rẹ̀. Títí di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972, ọwọ́ òsì ọ̀nà ni a ń gbà wakọ̀ ní Nàìjíríà, apá ọ̀tún ni sítíárìn sì ń wà. Ọjọ́ náà ni a yí sí ọwọ́ ọ̀tún ọ̀nà. Nítorí náà, ihò òṣùwọ̀n lè wà ní apá ọ̀tún nínú ọkọ̀ àtijọ́ kan, kí ó wà ní apá òsì nínú òmíràn. 'Apá awakọ̀' àti 'apá èrò' kò lè ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

3.0 Ọ̀rọ̀-Ìṣe Àbùkù

Apá yìí ni ó ṣe pàtàkì jù lọ. Nígbà tí oòrùn bá ti pa pátákó fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ọyẹ́ sì gbẹ ẹ́, àwa a máa sọ pé 'ó ti bàjẹ́', tàbí kí ọmọ iṣẹ́ sọ pé 'ó ti kíráàkì'. Gbólóhùn méjèèjì kò sọ ohun tí a óò ṣe. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àwọn àgbà oníṣẹ́-ọwọ́ ń sọ.

(i) Sán. Ìkòkò a máa sán kí ó tó fọ́. Nínú sísán, ojú òkè nìkan ni ìlà tín-ín-rín náà wà. Lórí pátákó onígi, inú fáníṣì ni sísán máa ń wà. Igi tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ lè wà ní àlàáfíà. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a ha fáníṣì àtijọ́ kúrò, kí a sì kun òmíràn.

(ii) Là. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Lílà ju sísán lọ: ó wọnú nǹkan lọ, ó sì ní ẹnu. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a dí i.

(iii) Wú. Igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a lẹ̀ mọ́ orí pátákó lè gbéra sókè láìtíì ya. Bí a bá fi èékánná kàn án, yóò dún bí ohun tí ó ṣófo. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a fi abẹ ṣí i díẹ̀, kí a ti gọ́ọ̀mù bọ̀ ọ́, kí a sì fi ohun wúwo tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi gbẹ.

(iv) Bó. Ohun tí ó wú tí a kò tọ́jú ni ó ń bó. Nígbà tí ó bá ti bó, a ní láti gé ọmọ rẹ̀ dípò, kí ìlà igi tuntun sì tọ ìlà igi àtijọ́.

(v) Ṣá. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ihò tàbí ìlà rárá. Àwọ̀ ni oòrùn mú lọ. A kì í dí ohun tí ó ṣá. A ń pa á láró ni.

(vi) Hunjọ. Awọ tàbí lẹ́dà tí kò fà dáadáa mọ́ ni ó ń hunjọ. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a tú u, kí a tún un nà.

Ẹ wo ohun tí àṣìpè lè fà. Igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ orí pátákó kì í sábà nípọn tó mìlímítà 1. Bí oníṣẹ́ bá pe lílà ní sísán, yóò mú sáńpépà, yóò máa yún un kí ìlà náà lè parẹ́. Ìlà náà kò ní parẹ́. Igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà ni yóò parẹ́. Bí ó bá sì pe sísán ní lílà, yóò fi ohun ìdíhò kún ojú igi tí kò ṣe nǹkan kan, àbàwọ́n rẹ̀ yóò sì wọ inú igi náà lọ.

Ó yẹ kí a fi kún un pé kíkọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sílẹ̀ gba ìṣọ́ra. Àwọn kan nínú àwọn tí ń sọ ẹ̀ka-èdè yìí a máa pe 'ṣ' bí 's'. Ṣùgbọ́n awọ tí a sá sóòrùn kì í ṣe awọ tí ó ṣá. Oníṣẹ́ ni ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe èkíní. Àbùkù ni èkejì. Kí a má ṣe jẹ́ kí àmì abẹ́ lẹ́tà sọnù nínú ìwé iṣẹ́.

4.0 Awọ, Lẹ́dà àti Ike

Nínú ọkọ̀ ayára, awọ tàbí ohun tí ó jọ awọ ni ó sábà máa ń bo etí òkè pátákó, pẹ̀lú fóòmù lábẹ́ rẹ̀. Àwọn oníṣọ̀nà Ọ̀yọ́, tí ń fi awọ ewúrẹ́ ṣe làbà Ṣàngó, tìmùtìmù àti abẹ̀bẹ̀, mọ̀ pé awọ tí a rin pẹ̀lú omi a máa rọ̀, a sì máa gba nínà yí kọ̀rọ̀ ká. Bí ó bá ń gbẹ, a máa fà mọ́ ohun tí a nà án lé. Lẹ́dà, tí a ṣe láti inú ike, kò mọ omi. Ooru díẹ̀ ni ó ń mú un rọ̀. Bí ooru náà bá pọ̀ jù, ó bàjẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá pe lẹ́dà ní awọ ń pàṣẹ omi níbi tí ooru tọ́ sí, ẹni tí ó bá sì pe awọ ní lẹ́dà ń fi iná fún ohun tí iná ń sọ di gbígbẹ háhá. A dábàá pé kí 'awọ' dúró fún ti ẹran nìkan, kí 'lẹ́dà' dúró fún aṣọ oníke, kí 'ike' sì dúró fún èyí tí ó le.

Ohùn orí ọ̀rọ̀ pẹ̀lú kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán níhìn-ín. Ẹni tí ó kọ 'awo pupa' sórí ìwé láìfi àmì sí i lè máa béèrè fún awọ pupa tàbí àwọ̀ pupa. Èkíní gba abẹ́rẹ́ àti gọ́ọ̀mù. Èkejì gba ọ̀dà.

Pòròpórò ọkà bàbà ni oníṣọ̀nà fi ń pa awọ láró pupa. Aró yìí dára, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ tí a gbé sí oòrùn yàtọ̀ sí inú ilé: ooru orí pátákó lè kọjá 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìtànṣán oòrùn sì ń bá gíláàsì wọlé. Ibi tí oòrùn kì í dé tààrà, bí ẹnu àpótí ìkẹ́rùsí, ni irú awọ bẹ́ẹ̀ yóò ti pẹ́ kí ó tó ṣá.

5.0 Igi

Igi tí wọ́n fi bo pátákó Triumph TR6 ni igi kan tí ìwé atúmọ̀-èdè lè mú wa pè ní 'igi awùsá'. Àṣìtumọ̀ ni. Awùsá tiwa, tí a ń sè jẹ, ìtàkùn ni. Kò sí ẹni tí ó lè la pákó lára rẹ̀. Ohun tí a pa pọ̀ nínú orúkọ nítorí ìjọra èso ni èyí, kì í ṣe nítorí igi. Ó sàn kí a kọ 'wọ́nọ́ọ̀tì', kí a sì pe èyí tí a bá fi dípò rẹ̀ ní orúkọ rẹ̀ gan-an: apá, ìrókò tàbí ọ̀gànwó.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó yẹ kí a pa mọ́ ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin gbẹ́, fín àti ha. Gbígbẹ́ wọnú; fífín, bí àwọn onígbá Ọ̀yọ́ ti ń ṣe é, kọ́ ojú nìkan; híha ń mú ohun tí ó wà lójú kúrò. Pátákó àtijọ́ gba híha; kò gba gbígbẹ́. Sáńpépà 120 ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ lórí igi tí ó nípọn, ṣùgbọ́n lórí igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, 240 ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, kí a sì fi 400 parí rẹ̀. Bí nọ́ńbà bá ti ń pọ̀ sí i ni sáńpépà ń kúnná sí i. Kí ọwọ́ sì máa tọ ìlà igi.

Dídán ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ń béèrè. Ṣùgbọ́n òkè pátákó tí ó bá ń dán yóò máa tan òjìji ara rẹ̀ sára gíláàsì iwájú, awakọ̀ kò sì ní rí ọ̀nà dáadáa. Iwájú lè dán. Kí òkè má ṣe dán.

6.0 Òṣùwọ̀n

Kí a tó tú òṣùwọ̀n kankan, kí a kọ́kọ́ tú okùn bátìrì, kí a sì so àmì mọ́ wáyà kọ̀ọ̀kan. Àwọn òṣùwọ̀n náà ni ti eré, ti ìyípo ẹ́ńjìnnì, ti epo, ti ooru àti ti ipá ọ́ìlì. Máìlì ni òṣùwọ̀n eré ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ń kà. Máìlì 1 jẹ́ kìlómítà 1.6. Awakọ̀ tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró lórí 50 bí ó ti ń wọ Ògbómọ̀ṣọ́ lè rò pé òun kò ju 50 kìlómítà ní wákàtí kan lọ, ìyẹn òdiwọ̀n eré láàrin ìlú, nígbà tí ó ń sá 80. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń tún ojú òṣùwọ̀n kùn kò gbọdọ̀ pa ọ̀rọ̀ tí ó sọ ohun tí nọ́ńbà náà ń kà rẹ́.

7.0 Àtẹ Ọ̀rọ̀

Pátákó iwájú awakọ̀: gbogbo ohun tí ó wà láti abẹ́ gíláàsì iwájú dé orí orúnkún awakọ̀ àti èrò.
Ojú òṣùwọ̀n: ibi tí nọ́ńbà àti abẹ́rẹ́ wà.
Igi-fẹ́lẹ́: igi tí a là tín-ín-rín bí ìwé, tí a lẹ̀ mọ́ pákó mìíràn.
Ìdíhò: ohunkóhun tí a fi ń dí ibi tí ó là.
Sísán: ìlà ojú òkè tí kò wọnú.
Lílà: ìlà tí ó wọnú, tí ó sì ní ẹnu.
Wíwú: gbígbéra igi-fẹ́lẹ́ láìtíì ya.
Bíbó: ṣíṣí igi-fẹ́lẹ́ tàbí ọ̀dà kúrò pátápátá.
Ṣíṣá: sísọ àwọ̀ nù.
Híhunjọ: àìfà awọ tàbí lẹ́dà mọ́.

8.0 Ìgúnlẹ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé nínú iṣẹ́ yìí, orúkọ ohun-èlò ni a sábà máa ń yá, bí bátìrì, wáyà àti sáńpépà. Kò sí aburú nínú èyí. Ṣùgbọ́n orúkọ àbùkù àti orúkọ ohun tí ọwọ́ ń ṣe, tiwa ni; wọ́n sì ṣe déédéé ju ọ̀rọ̀ àyálò tí ó fẹ́ rọ́pò wọn lọ. A rọ àwọn olùkọ́ iṣẹ́-ọwọ́ àti àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ mẹkáníìkì pé kí wọ́n máa bi ọmọ iṣẹ́ léèrè kí ó tó mú irinṣẹ́: ṣé ó sán ni, àbí ó là? Ọmọ tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè yìí ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà.