Ariwo tí Kì í Ṣe Orin: Ẹ̀kọ́ fún Àwọn tí ń Ta Gìtá Oníná nínú Ìjọ



Láti ìgbà tí gìtá oníná ti wọ ilé Ọlọ́run, tí ó sì jókòó ti dùùrù gẹ́gẹ́ bí àbúrò ti í jókòó ti ẹ̀gbọ́n, oríṣiríṣi ẹjọ́ ni a ti gbọ́ nípa rẹ̀. Àwọn kan ní ohùn rẹ̀ le jù. Àwọn mìíràn ní ohun èlò ilé ijó ni. Ẹjọ́ wọ̀nyí kọ́ ni mo fẹ́ dá lónìí. Ẹjọ́ kékeré kan wà tí ó ń ba àdúrà jẹ́ jù wọ́n lọ, tí a kì í sì í rí ẹlẹ́bi rẹ̀ mú: èyíinì ni ariwo wẹ́wẹ́ tí ń jáde láàrin ohùn orin kan àti èkejì, "ta, ta, ta," tàbí "ṣẹ̀ẹ́," èyí tí atagìtá kò pète, tí òun fúnra rẹ̀ kì í sì í gbọ́.

Ní ìjọ kan tí mo ti sìn rí, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 17 kan ni ó ń ta gìtá fún wa. Nígbà tí àwọn ará bá ń lọ síbi pẹpẹ láti gba Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, òun nìkan ni yóò máa ta ohùn orin jẹ́jẹ́, láìsí dùùrù, láìsí ìlù. Ìyá àgbà kan wá bá mi lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ kan, ó ní, "Àlùfáà wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa lé ọmọńlé tí ń sáré lórí páànù nígbà tí a bá ń gba Ara Olúwa." Kò sí ọmọńlé kankan lórí páànù. Gìtá ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ìgbìmọ̀ ìjọ, àwọn kan ní gìtá náà ti gbó, kí a dáwó ra tuntun, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó jọ. Àwọn kan ní ọmọ náà ni kò mọ̀ ọ́n ta, kí a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí a sì padà sí dùùrù nìkan. Ọmọ náà gbọ́, kò sì wá sí ìdánrawò ọjọ́ Sátidé. Nígbẹ̀yìn, wọ́n fún mi ní àyè láti Ọjọ́rú Eérú títí di Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ láti wádìí ọ̀ràn náà.

Kí a tó lè dá irú ẹjọ́ yìí, ó yẹ kí a mọ etí tí gìtá oníná fi ń gbọ́. Ní ọdún 1932 ni George Beauchamp àti Adolph Rickenbacker bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú gìtá yìí fún àwọn ènìyàn ní ìlú Los Angeles ní Amẹ́ríkà. Ìpìlẹ̀ ọgbọ́n náà kò sì tíì yí padà. Lábẹ́ àwọn okùn ni òòfà wà, a sì fi wáyà bàbà tí ó tín-ín-rín bí irun orí wé e yíká. Nínú gìtá Stratocaster tí Leo Fender gbé jáde ní ọdún 1954, bí ìgbà 8,000 ni a wé wáyà náà yí ká lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́ta tí ó ní. Nígbà tí okùn irin bá mì lókè òòfà, iná mànàmáná díẹ̀ yóò rú sókè nínú wáyà náà. Áńpílífáyà yóò sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ̀rọ agbóhùnjáde yóò sì fọn ọ́n sí etí ìjọ.

Ẹ kíyèsí èyí dáradára: òòfà kì í gbọ́ ohùn inú afẹ́fẹ́ bí etí ènìyàn. Mímì okùn ni ó ń gbọ́. Ohunkóhun tí ó bá kan okùn, ìbáà ṣe pẹ̀lú ète tàbí láìsí ète, ó di ohun tí a ó kéde. Òòfà kò mọ ìyàtọ̀ láàrin orin mímọ́ àti àṣìṣe. Bí wáyà tí a wé bá sì ti tú díẹ̀ nínú gìtá àtijọ́, ìkanlẹ̀ èékánná lára pákó pàápàá lè gba ibẹ̀ jáde.

Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá fẹ́ mọ ẹlẹ́bi, kí ó kọ́kọ́ ya ọwọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀rọ. Kí ó gbé gìtá kalẹ̀, kí ó ṣí ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kàn án. Ariwo tí ó bá gbọ́ nígbà náà, ti iná mànàmáná ni: iná ilẹ̀ wa ń lọ, ó ń bọ̀, ní ìgbà 50 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, wáyà inú gìtá a sì máa gbọ́ ọ, a máa kùn bí oyin. Nítorí kíkùn yìí ni Seth Lover, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Gibson, ṣe so irú wáyà wíwé bẹ́ẹ̀ méjì pọ̀ ní ọdún 1955, tí ọ̀kan ń pa kíkùn èkejì rẹ́. Èyí kò kan ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹran àtàǹpàkò nìkan ta orin kan náà, láìlo pẹlẹbẹ ike kékeré tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní pííkì. Bí "ta, ta" náà bá dópin, pííkì àti ọwọ́ tí ó dì í mú ni ẹlẹ́bi. Bí kò bá dópin, ọwọ́ òsì ni kí a wò.

Ní ti ọmọ wa, ó dópin pátápátá. A fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú pííkì àti láìsí pííkì, mo sì jẹ́ kí ó gbọ́ méjèèjì láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Èmi ni mo ń ṣe èyí láti ọjọ́ yìí, sà?" Mo bi í léèrè ibi tí ó ti kọ́ gìtá. Ó ní gìtá onípákó ẹ̀gbọ́n òun ni òun fi kọ́ ọ, tí kò ní ẹ̀rọ kankan, ní àgbàlá tí èrò pọ̀ sí, tí ẹ̀rọ amúnáwá sì ń bú ramúramù ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Bí òun kò bá ta á kíkankíkan, òun kì í gbọ́ ara òun. Gbogbo ọ̀ràn náà nìyẹn. Nínú Orin Dáfídì 137, onísáàmù fi ara rẹ̀ bú pé kí ọwọ́ ọ̀tún òun gbàgbé bí òun bá gbàgbé Jerúsálẹ́mù. Ìṣòro atagìtá ni pé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kì í gbàgbé, ohun tí ó kọ́kọ́ mọ̀ ni kò fẹ́ jọ̀wọ́.

Òdìkejì èyí ni ti Wes Montgomery, ará ìlú Indianapolis, ẹni tí ó kú ní ọdún 1968. A máa ń sọ pé lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ ni ó ń kọ́ gìtá oníná ní òru, àti pé kí ó má baà dí àwọn aládùúgbò lọ́wọ́ ni ó ṣe pa pííkì tì, tí ó sì ń fi àtàǹpàkò ta okùn. Ohùn rírọ̀ tí ayé fi mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ibi tí a ti kọ́ iṣẹ́ a máa hàn lára ọwọ́. Bí ẹnìkan bá sì wí pé ọ̀ràn kékeré ni èyí, kí ó ka Kroníkà Kìíní orí 25: àwọn tí a yàn fún orin níbẹ̀ jẹ́ 288, Ìwé Mímọ́ kò sì sọ pé wọ́n ní ẹ̀bùn nìkan, a kọ́ wọn.

Mo ní kí ó fi pííkì rẹ̀ hàn mí. Láti ara káàdì báǹkì àtijọ́ ni ó ti gé e, ẹ̀bá rẹ̀ sì ní eyín wẹ́wẹ́ bí ti ayùn. Láyé àtijọ́, karawun ìjàpá òkun ni a fi ń ṣe pííkì tí ó dára jù, títí àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní Washington ní ọdún 1973 fi sọ òwò náà di èèwọ̀. Ike ni ó pọ̀ jù nísinsìnyí, láti èyí tí kò tó ìdajì mílímítà ní nínípọn títí dé èyí tí ó ju 2 lọ. Èyí tí ó fẹ́lẹ́ a máa gbọ̀n pẹ́pẹ́ bí ewé. Fún orin jẹ́jẹ́, èyí tí ó tó mílímítà kan, tí orí rẹ̀ sì ṣe róbótó, ni mo fẹ́ràn jù. N kò bá ọmọ náà wí nítorí káàdì. A fi sáńpépà kíkúnná yún ẹ̀bá rẹ̀ títí ó fi jọ̀lọ̀. Ìdá kan nínú ariwo náà lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Èyí tí ó kù ni ó gba Lẹ́ńtì.

Ohun tí ó kù náà ni pé pííkì ń tètè dé. Nígbà tí ó bá ta okùn tán, dípò kí ó jẹ́ kí okùn náà kọrin tán, ọwọ́ rẹ̀ yóò sáré padà lọ fi pííkì lé e, bí ẹni tí ń bẹ̀rù pé okùn yóò sá lọ. Okùn tí ó nípọn jù lọ lára gìtá ń mì ní ìgbà 82 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí ó tín-ín-rín jù sì ń mì ní bí ìgbà 330. Nígbà tí ike líle bá kan ohun tí ń mì báyìí, okùn yóò máa gbá a léraléra kí ó tó kú. Ìgbágbà yẹn ni ọmọńlé ìyá àgbà. Kí olùkọ́ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ dá a ṣe fúnra rẹ̀: kí ó ta okùn nínípọn, kí ó sì rọra gbé pííkì sún mọ́ ọn títí wọn yóò fi kanra. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ọ ní gbangba lẹ́ẹ̀kan yóò máa gbọ́ ọ títí láé.

Ẹ wo onídùndún. Kọ̀ǹgọ́ rẹ̀ kì í sinmi lórí awọ. Ó lù ú, ó sì fò kúrò. Bí ó bá jẹ́ kí kọ̀ǹgọ́ gbé lórí awọ, ìlù kò ní sọ̀rọ̀. Bákan náà ni mo ṣe kọ́ ọmọ yìí: kí ó ka ẹní, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, kí ó ta okùn kan ṣoṣo lórí ẹní, kí pííkì sì dúró nínú afẹ́fẹ́, kí ó sún mọ́ okùn ṣùgbọ́n kí ó má kàn án, títí ẹní yóò fi padà dé; nígbà náà kí ó la okùn kọjá lẹ́ẹ̀kan náà, láìdúró lórí rẹ̀. Kí kíkà náà jẹ́ 60 láàrin ìṣẹ́jú kan, kí ó má yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni a lò lórí èyí nìkan, ó sì sú u. Ó sú èmi náà. Bí ó bá fẹ́ pa okùn lẹ́nu mọ́ nítòótọ́, mo ní kí ó fi ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ṣe é, nítorí ẹran ara kì í dá ariwo bí ike.

Àwọn nǹkan tí ó ṣẹ́kù kò le tó bẹ́ẹ̀. Kí orí pííkì yọ láàrin àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá bíi mílímítà 3; bí ó bá yọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò máa kọ́ okùn kejì. Kí a dì í mú bí ẹni di ẹyin ẹyẹ mú. Kí ọrùn ọwọ́ ṣiṣẹ́, kí ìgúnpá sinmi. Okùn mẹ́ta tí ó nípọn ni a fi wáyà wẹ́wẹ́ wé lára. Bí pííkì bá dagun lórí wọn, yóò máa rẹ́ wáyà náà bí ayùn, "ṣẹ̀ẹ́". Nítorí náà kí a tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ lórí wọn, kí a sì dà á sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ lórí àwọn tín-ín-rín. Kí a gé èékánná ọmọńdinrín.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú ẹ̀kọ́ yìí lé gbogbo ariwo jáde. Jimmy Nolen, tí ó darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ James Brown ní ọdún 1965, a máa fi ọwọ́ òsì tẹ okùn díẹ̀ kí ó má lè dún tán, a sì máa fi pííkì fá a gẹ́gẹ́ bí adìẹ ti í tan ilẹ̀. Ariwo yẹn gan-an ni ìlù rẹ̀. Irú títa bẹ́ẹ̀ wọ inú orin Fẹlá Aníkúlápó-Kútì pẹ̀lú, ọmọ-ọmọ Canon J. J. Ransome-Kuti tí gbogbo wa mọ orúkọ rẹ̀. Ó ní ibi tí ó yẹ sí, pàápàá nígbà ìdúpẹ́ àti ìkórè. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ atagìtá ni pé kí ó lè mú un wá nígbà tí ó bá fẹ́, kí ó sì lè dá a dúró nígbà tí kò bá fẹ́.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, ìgbìmọ̀ jókòó ní iwájú, wọ́n tẹ́tí sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ "ta" nígbà tí a ń gba Oúnjẹ Olúwa. N kò mọ̀ bóyá ẹlòmíràn gbọ́ ọ. Ọmọ náà gbọ́ ọ, nítorí mo rí i tí ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ìyá àgbà ní ọmọńlé ti lọ, ó kù kí a bá ẹni tí ń wúkọ́ ní ìlà kẹta sọ̀rọ̀. Nínú owó tí a ti kó jọ, a ra okùn titun àti pííkì mẹ́ta. Ìyókù wà lọ́wọ́ akápò. Ní oṣù tí ń bọ̀, bí Olúwa bá fẹ́, a ó yẹ ọwọ́ òsì wò.