Àpótí Ìmọ̀: Ohun Aládùn ní Ìgboro Lima

Bí o bá dé Lima, olú-ìlú Peru, má jókòó sí òtẹ́ẹ̀lì retí ohun aládùn. Jáde nírọ̀lẹ́ lọ sí Parque Kennedy, ní Miraflores, kí o wá àwọn tó ń dín picarones. Ànàmọ́ àti elégédé ni wọ́n ń sè, tí wọ́n ń gún, tí wọ́n ń pò mọ́ fúláwà àti ìwúkàrà. Ìyá tó ń dín in á tọwọ́ bomi, á bu díẹ̀, á lu ihò sí i láàárín, ó di inú epo gbígbóná. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ló fi ń yí i. Gbígbóná ni kí o jẹ ẹ́, pẹ̀lú omi ṣúgà ìrèké tí wọ́n fi kànáfùrù àti èèpo ọsàn sè. Tó bá jẹ́ oṣù kẹwàá, lásìkò ọdún ìsìn tí wọ́n ń pè ní Señor de los Milagros, ohun aládùn mìíràn, turrón de Doña Pepa, ló máa ń gba ìgboro.