Ẹni Tí Ń Bá Ọmọ Rìn

Ní ọdún 1883, ní ìlú Glasgow, àwọn ọmọkùnrin kan kì í gbọ́ràn sí olùkọ́ wọn, William Smith, lẹ́nu ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Kò lé wọn. Ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún wọn, ó tò wọ́n bí ọmọ-ogun, ó fi eré kún un. Ẹgbẹ́ yìí ni Bọ́ìsì Bìrìgéèdì, tí ó dé Èkó ní 1908. Àwọn àgbà tí ń kọ́ wọn kì í gba owó oṣù.

Ní Ìloro wa ńkọ́? Ọmọ tí ó fi ìwé sílẹ̀, tí ó ń jókòó sí gáréèjì, èébú nìkan ni à ń bù ú. Ẹ jẹ́ kí á bi í pé, “Iṣẹ́ wo lo fẹ́?” Kí á mú un lọ bá káfíńtà. Àwa àgbà a máa tètè gbàgbé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí á tún lọ wò ó níbẹ̀.