Òjò Dákẹ́ Lóṣù Kẹjọ, Kò Tíì Tán

Láti ìgbà tí òjò ti dákẹ́, ìbéèrè kan náà ni à ń gbọ́ lẹ́nu yín: ṣé a lè kó bẹ́ẹ̀dì àti páálí ọjà padà sí yàrá ìsàlẹ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tíì mú sùúrù. Ohun tó fà á wà lókè.

Ẹni tó bá ti ná Ọjà Àlàbá nígbà tí òjò ń ṣú yóò ti rí i. Atẹ́gùn tútù ń ti ọ̀nà òkun fẹ́ wá, àmọ́ ìjì dúdú náà ń bọ̀ láti ìhà Festac àti Mile 2, ó ń lọ sí ìhà Badagry. Kí ló ń ti ìjì náà?

Atẹ́gùn ojú òkun ló ń gbé omi wá, ṣùgbọ́n kò ga púpọ̀. Ní nǹkan bíi kìlómítà 3 sí 4 lókè, atẹ́gùn mìíràn ń fẹ́ láti ìlà oòrùn lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Aṣálẹ̀ Sàhárà gbóná janjan, ilẹ̀ tiwa létí òkun tutù jù ú lọ. Ìyàtọ̀ yẹn ló bí i. Òun ló ń darí ìjì àti àrá wa. (Òmíràn tún wà lókè rẹ̀, níbi tí bàálù ńlá ń gbà, tó ń ti ìhà Íńdíà wá láti oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án.)

Lóṣù keje àti ìkẹjọ, òjò ńlá ti gòkè lọ sí Kánò àti Sókótó. Omi òkun etí ilẹ̀ wa náà ń tutù sí i nígbà yẹn, ni Èkó bá gbẹ díẹ̀. Èyí ni gbogbo wa ń pè ní August break. Tó bá di oṣù kẹsàn-án, òjò á tún sọ̀ kalẹ̀ padà, á gba orí wa kọjá: àrọ̀kúrò nìyẹn, ó sì lè dé oṣù kẹwàá. Ilẹ̀ tó ti mu omi yó ló máa bá.

Àwa náà ti ṣe àṣìṣe yìí rí. A kó ìrẹsì àti fóòmù sí yàrá ìsàlẹ̀ lóṣù kẹjọ. Kí oṣù kẹsàn-án tó parí, omi ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Nítorí náà, ẹ fi ọjà sórí pákó gíga títí oṣù kẹwàá á fi parí. Ẹ kó pàǹtírí inú gọ́tà nísinsìnyí tí ilẹ̀ gbẹ. Ẹ máa gbọ́ ìkìlọ̀ NiMet lórí rédíò. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà lórí òkè lè padà, ṣùgbọ́n kí ó pe ẹni tó mọṣẹ́ iná kó bá a wo wáyà kó tó tan iná.