Ẹ Má Ṣe Kó Ẹrù Kún SSD Dẹ́nu

Ẹ rántí ọjọ́ tí a yá yín lówó kẹ́yìn, tí ẹ tò títí ilẹ̀ fi ṣú. Kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ ni kò tètè kọ orúkọ yín sílẹ̀. A gbé e lọ fún oníṣẹ́. Ó ní kò bàjẹ́, ó kàn kún ni. Àwa fúnra wa la kó fídíò kámẹ́rà ọ́fíìsì sínú rẹ̀. A rò pé àyè tó ṣófo, àyè tó ṣòfò ni.

SSD là ń pe irú ibi ìpamọ́ tó wà nínú rẹ̀. Kò dà bíi hard disk àtijọ́, tó lè kọ tuntun lé ògbólógbòó lórí. Ẹ jẹ́ ká fi síléètì ọmọ iléèwé ṣe àpẹẹrẹ. Ìlà-ìlà ni SSD ń kọ̀wé, ṣùgbọ́n kò lè nu ìlà kan ṣoṣo. Odindi síléètì ló gbọ́dọ̀ fọ̀. Bí ìlà tó ṣì wúlò bá wà níbẹ̀, àfi kó kọ́kọ́ dà wọ́n kọ sórí síléètì mìíràn tó mọ́. Fífọ̀ náà sì níye: tó bá pé, síléètì gbó.

Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Ká ní síléètì kan ní ìlà 100. Bí 50 bá ṣì wúlò, SSD á da 50 kọ kó tó rí àyè 50 fún tuntun: ìkọ̀wé 2 fún ẹyọ 1. Bí 90 bá wúlò ńkọ́? Á da 90 kọ kó tó rí àyè 10: ìkọ̀wé 10 fún ẹyọ 1! Iṣẹ́ di ìlọ́po márùn-ún, gbígbó náà di ìlọ́po márùn-ún. Ohun tó jẹ́ kí ẹ tò pẹ́ nìyẹn.

Àwọn tó ń ṣe é mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan á kó 512 GB sínú, wọ́n á kọ 480 sí i lára; ìyókù wà fún àdàkọ yìí, àti láti rọ́pò èyí tó bá kú. Ẹ má pè é ní jìbìtì òṣùwọ̀n o, àǹfààní yín ni. Ẹ fi tiyín kún un: lórí 480, ẹ jẹ́ kí bíi 80 ṣófo. Ẹni tó ń kọ ọjà sílẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ ló kàn jù; kíkà kì í mú un gbó bíi kíkọ.

A ti kó fídíò wọ̀nyẹn lọ sórí hard disk. Àkọsílẹ̀ owó yín nìkan ló kù lórí SSD, ẹ̀dà rẹ̀ sì wà níbòmíràn, torí SSD tó láyè náà lè kú lójijì. Ẹni tí kò bá mọ bí a ti ń wo àyè tó kù, kó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá sí ìpàdé.