Àpótí Ìmọ̀: Ọ̀fàfà, Ẹranko Tí Etí Ń Ṣọ́

Ojú kì í sábà to ọ̀fàfà. Orí igi ló ń gbé, òru ló sì ń ké. Ohùn yìí ni àwọn onímọ̀ fi ń tọpa rẹ̀: wọ́n á gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wọ igbó lálẹ́, wọ́n á tún un gbọ́ nílé, wọ́n á fi ọ̀kan wé èkejì.

Bẹ́ẹ̀ ni àṣírí ṣe tú. Èyí tó wà láàárín odò Volta àti Odò Ọya ń gbó bí ajá. Àwọn tó wà níwájú àti lẹ́yìn odò méjèèjì ń han goooro ni. Àwọn onímọ̀ náà wọn agbárí wọn, wọ́n yẹ àbùdá wọn wò. Lọ́dún 2021, onímọ̀ John Oates àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ èyí tó ń gbó ní Dendrohyrax interfluvialis, ìyẹn ti àárín odò méjì. (Kò tóbi ju ológbò lọ, síbẹ̀ ìbátan erin ni!)

Ilẹ̀ Yorùbá wà láàárín odò méjèèjì náà. Ṣùgbọ́n bí o bá ń ka èyí ní Sauka Kahuta, ní Minna, òdìkejì Ọya lo wà.