Ẹ Má Sáré Ta Síídì Yín: Ìmọ̀ràn fún Ọmọ Tó Fẹ́ Ra Ẹ̀rọ Géèmù Tuntun

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ń rí bí ẹ ṣe ń tu owó jọ nítorí PS5. Àwọn kan nínú yín ti ta PS4 pọ̀ mọ́ gbogbo síídì tó wà nílé, nítorí wọ́n gbà pé gbogbo géèmù àtijọ́ ni yóò máa lọ geere tí wọ́n bá ti gbé e sórí ẹ̀rọ tuntun. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Géèmù mìíràn wà tí ẹ̀rọ tuntun kò lè mú yára rárá. Òmíràn sì wà tó jẹ́ pé ẹ̀dà rẹ̀ tó ti pẹ́ ló ń ṣe dáadáa ju ẹ̀dà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe lọ. Ẹ jẹ́ kí n to ohun tí mo mọ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó náwó.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ojú yín ń wò. Àwòrán tó dúró sójú kan ni ẹ̀rọ ń yà lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń gbé wọn wá síwájú yín kíákíá débi tí ẹ fi ń rí wọn bí ohun tó ń rìn. Iye tó bá yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni à ń pè ní fps. Bí ẹ bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sọ́nà ẹgbẹ̀rún, géèmù tó wà ní 30 ń fún ẹ̀rọ ní nǹkan bí ìdá 33 láti fi ya àwòrán kan. Èyí tó wà ní 60 kò fún un ju ìdá 16.7 lọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan. Ìgbà tí àwòrán tó kàn bá jáde lẹ tó máa rí èsì bọ́tìnnì tí ẹ tẹ̀ lórí páàdì, ìdí nìyẹn tí géèmù tó wà ní 60 fi máa ń tètè dá ọwọ́ lóhùn. Ohun tó tún wá burú ju 30 tó dúró ṣinṣin lọ ni kí ó máa lọ sókè, kí ó máa bọ̀ sílẹ̀: 58, 43, 60, 47. Ojú ń mọ̀ ọ́n, ọwọ́ náà ń mọ̀ ọ́n.

2. Agbára ẹ̀rọ nìkan kò tó. PS4 tó jáde ní 2013 ní ọpọlọ mẹ́jọ tó ń ṣiṣẹ́ ní 1.6 GHz. Ti PS5, tó jáde ní 2020, ń dé 3.5 GHz, iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sì ń ṣe láàárín àkókò kan náà pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Ó yẹ kí gbogbo géèmù PS4 máa fò lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo Bloodborne, tí ilé iṣẹ́ FromSoftware ṣe ní 2015. Wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ kọjá 30. Ẹ gbé e sórí PS5, 30 náà ni. Ewúrẹ́ tí a bá so mọ́ igi, pápá ì báà fẹ̀ tó ìlú, ibi tí okùn rẹ̀ gùn dé ló máa jẹ dé. Àwòrán Bloodborne kì í tilẹ̀ jáde ní àlàfo tó dọ́gba, ìdí nìyẹn tó fi máa ń dà bí ẹni tó ń kọsẹ̀ kódà nígbà tí iye rẹ̀ pé 30 gan-an.

Ilé iṣẹ́ yìí kan náà ló ṣe Sekiro ní 2019. Èyí ni wọ́n kò so mọ́lẹ̀ ní 30. PS4 kò lágbára láti gbé e dé 60, ó kàn ń gbìyànjú ni. Nígbà tí PS5 dé, ó gbé e dé 60 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún un kọ. Ìlà òfin tó wà nínú géèmù ló ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀.

Ẹ má bú àwọn tó fi ààlà sí géèmù o. Lórí PS4, 30 tó dúró sàn fún olùṣeré ju 45 tó ń mì lọ. Ewu sì wà nínú ká kàn tú ààlà sílẹ̀, nítorí àwọn géèmù kan ń fi iye àwòrán ka àkókò. Nínú Dark Souls II, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní 60, ohun ìjà ń gbó ní ìlọ́po méjì bó ṣe ń gbó ní 30, torí pé àwòrán ni géèmù náà fi ń ka bí idà ṣe ń kan nǹkan. Ó di 2015 kí wọ́n tó tún un ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ tú okùn gbọ́dọ̀ padà wọ inú iṣẹ́ náà, kó sì dán gbogbo rẹ̀ wò.

3. Tí géèmù kan bá ní ẹ̀dà PS4 àti ẹ̀dà PS5, ẹ dán méjèèjì wò. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú jù. Elden Ring jáde ní oṣù kejì 2022, ó sì ní ẹ̀dà méjèèjì. Ẹ̀dà PS5 ní àwòrán tó mú jù, koríko rẹ̀ pọ̀, ó sì ń tètè ṣí. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ kì í dúró: ó ń já wá sí 50 ó lé, ó sì ń wọ 40 ó lé níbi tí ilẹ̀ bá ti ṣí sílẹ̀ gbalasa. Ẹ wá gbé ẹ̀dà PS4 sórí PS5 yẹn kan náà. Ẹrù àwòrán rẹ̀ fúyẹ́, agbára ẹ̀rọ sì pọ̀ ju ohun tí ó ń béèrè lọ, nítorí náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò ní 60. Nínú géèmù tó jẹ́ pé kí a yí sẹ́yìn ní àkókò tó yẹ ló ń gba ẹ̀mí èèyàn là, èmi yóò gba 60 tó dúró, màá sì fi koríko sílẹ̀.

Àwọn tó ra ẹ̀dà PS4 ní ẹ̀tọ́ sí ti PS5 lọ́fẹ̀ẹ́, kò sí ohun tó ní kí ẹ má dán wọn wò. Ẹ kàn rántí pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà: ibi tí ẹ bá géèmù dé lórí ẹ̀dà PS4 ni ẹ lè gbé lọ sí ẹ̀dà PS5, ẹ kò lè gbé e padà. Ẹ̀dà PS4 ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

4. Síídì yín lè ní ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní. The Last Guardian ni ẹ̀rí mi. Fumito Ueda ló darí rẹ̀. Wọ́n kéde rẹ̀ ní 2009 fún PS3, PS4 ló sì padà wá bọ́ sí ní oṣù kejìlá 2016. Ìtàn ọmọdékùnrin kan àti ẹranko ńlá oníyẹ̀ẹ́ kan ni, mi ò sì tíì rí géèmù tí ìfẹ́ àárín ènìyàn àti ẹran ti hàn tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó jáde, PS4 kò lè gbé e dáadáa. Àtúnṣe tó tẹ̀ lé e ló so ó mọ́ 30. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀ sórí síídì látìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn 1.00, kò ní ààlà yẹn. Kí síídì náà bọ́ sínú PS5 tí a kò so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, 60 ni ẹ óò rí. Ẹni tó bá rà á láti orí ìkànnì, ẹ̀dà tí wọ́n ti tún ṣe ni yóò wọlé fún un, ààlà rẹ̀ sì wà lára rẹ̀.

Assassin's Creed Unity ti 2014 náà ṣe irú rẹ̀: ẹ̀dà tó wà lórí síídì àkọ́kọ́ kò ní ààlà, Xbox Series X sì gbé e sún mọ́ 60. Àmọ́ àṣìṣe tí gbogbo ayé fi ń pariwo lórí géèmù yẹn nígbà tó jáde wà lórí síídì kan náà, torí àtúnṣe ló mú wọn kúrò. Ẹ óò yan èyí tí ẹ lè fara dà.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí. Ẹ pa géèmù náà rẹ́ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ẹ lọ sínú Settings, ẹ pa àtúnṣe tó ń wọlé fúnra rẹ̀. Ẹ yọ íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wá ki síídì bọ̀ ọ́. Ẹ má retí pé ibi tí ẹ bá a dé tẹ́lẹ̀ yóò ṣí, nítorí ọ̀pọ̀ ẹ̀dà àkọ́kọ́ kì í gba ohun tí ẹ̀dà tó dé lẹ́yìn kọ sílẹ̀.

5. Ẹ béèrè bóyá àtúnṣe kan ti tú okùn náà. God of War ti 2018 gba tirẹ̀ ní ọjọ́ kejì oṣù kejì 2021, ó sì di 60 lórí PS5. Ní oṣù yẹn kan náà ni Microsoft gbé FPS Boost jáde, tí Xbox fúnra rẹ̀ fi ń sọ iye àwòrán àwọn géèmù àtijọ́ kan di ìlọ́po méjì, tí ẹni tó ṣe wọ́n kò tún kọ nǹkan kan. Pokémon Scarlet àti Violet, tó ń kọsẹ̀ lórí Switch láti 2022, gba àtúnṣe ọ̀fẹ́ nígbà tí Switch 2 jáde ní oṣù kẹfà 2025, wọ́n sì wà ní 60 níbẹ̀. Níbi báyìí, dátà tí ẹ bá ná kò ṣòfò.

6. Tó bá jẹ́ pé bọ́ọ̀lù nìkan lẹ ń gbá, ẹ ṣe sùúrù. FIFA ti wà ní 60 lórí PS4 láti ọjọ́ yìí wá. Ẹ̀dà PS4 tí ẹ bá gbé sórí PS5 kò ní yára lórí pápá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

7. Ẹ wo ara ẹ̀rọ kí ẹ tó sanwó, pàápàá èyí tó bá jẹ́ tòkunbọ̀. PS5 tí wọ́n ń pè ní Digital Edition kò ní ibi tí a ti ń ki síídì bọ̀, gbogbo ohun tí mo sọ nípa The Last Guardian kò sì lè ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀ bó ṣe wà. PS5 Pro tó jáde ní oṣù kọkànlá 2024 náà kò ní ẹ̀rọ síídì nínú. Ọ̀tọ̀ lẹ ó ti ra ẹ̀rọ síídì ti Pro, íntánẹ́ẹ̀tì ni Pro sì máa kọ́kọ́ fi dá a mọ̀ kí ó tó gba síídì kankan, nítorí náà ẹ so ó pọ̀ tán kí ẹ tó yọ íntánẹ́ẹ̀tì.